Ohùn Tó Wà Láàárín Bàálù

Orí àkàbà ni mo wà nígbà tí wọ́n kọjá. Mò ń kun ògiri ọgbà ilé kan ní Ìkòsì, ọ̀dà funfun, aago mọ́kànlá àárọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. N kò kọ́kọ́ gbọ́ ariwo. Òjìji ni mo rí. Ó sáré kọjá lára ògiri níwájú mi bí ìgbà tí èèyàn bá fi àkísà dúdú nu nǹkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ni ariwo dé. Ó gba inú irin àkàbà gòkè, ó wọ ẹsẹ̀ mi, ó dé eyín mi.

Bàálù ológun mẹ́ta ni. Wọ́n fò wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí àwọn irin abẹ́ ìyẹ́ wọn. Wọ́n gba òkè Kẹ́tu, wọ́n kọrí sí apá ọ̀sà, wọ́n wá dojú dé lójú òfúrufú, ikùn wọn kọ sí oòrùn. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ.

Gbogbo àdúgbò sá. Ní àwọn ọdún yẹn, a kò tíì gbàgbé bọ́ǹbù tó dún ní Ìkẹjà. Ariwo yòówù tó bá ti ju ti táyà tó bẹ́ lọ, ẹsẹ̀ la fi ń dá a lóhùn. Ìyá tó ni ilé tí mò ń kùn ti wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fi gèlè rẹ̀ bo etí.

"Bàbá pẹ́ńtà! Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ṣé ikú lẹ ń wò lójú báyẹn?"

Fọkanáísà tó wà ní òdìkejì títì dá a lóhùn láti abẹ́ tábìlì rẹ̀: "Mọ́mì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀dà ti lẹ̀ wọ́n mọ́ ibẹ̀ ni."

"Ìwọ tó o wà lábẹ́ tábìlì ńkọ́?"

"Nọ́ọ̀tì ló bọ́ lọ́wọ́ mi, mò ń wá a ni."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò tíì padà sílé. Ẹnì kan ní òun gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń múra ayẹyẹ kan ní Erékùṣù ni.

"Kí wọ́n lọ máa múra ẹ̀ lórí òkun jàre!" ni ìyá onílé wí.

N kò sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ìgboyà. Inú mi ló dùn. Ó ti tó ọdún márùn-ún tí ìyàwó mi ti kú, n kò mọ̀ pé ara mi ṣì lè gbọ̀n bẹ́ẹ̀ fún ohun kan. Ojú tì mí. Nínú ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé ariwo náà, mo gbọ́ gbólóhùn kan tí ìyàwó mi ti sọ fún mi ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo gbọ́ ọ bí ẹni pé ìsàlẹ̀ àkàbà ló wà: "Ẹ fi ohùn mi sí àárín bàálù yẹn."

Nígbà tó sọ ọ́, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Orí àkàbà yẹn ni mo ti mọ ohun tó ṣeé ṣe kó jẹ́.

Ọdún tó ṣáájú èyí tí fóònù alágbèéká dé ni mo bá kọngílá kan lọ sí Òkè Ọya. Pápá bàálù àwọn ológun la lọ kùn, ilé ìgbé àti ilé iṣẹ́ wọn. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò. Ìyàwó mi wà nílé ní Kẹ́tu pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí. N kò mọ̀wé nígbà náà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo lọ jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà, ìyẹn ni mo fi ń kọ èyí. Ìyàwó mi lè kọ orúkọ rẹ̀, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kásẹ́ẹ̀tì la fi ń kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rán ẹnu àpò àlùbọ́sà àti ẹ̀wà ní ọjà Máìlì 12, nítorí náà ó mọ àwọn awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ wá láti òkè. Á yá rédíò kásẹ́ẹ̀tì aládùúgbò, á sọ̀rọ̀ sí i, á fi ọ̀rá wé kásẹ́ẹ̀tì náà, á rán an mọ́ inú ègé àpò kan, á fún awakọ̀ tó ń padà lọ. Ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó ti dé ọwọ́ mi. Èmi náà á yá ẹ̀rọ àwọn mẹkáníìkì bàálù, màá gbọ́ ọ, màá sì sọ èsì mi lé orí ohùn rẹ̀. Awakọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ ló máa bá mi mú un padà. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni, nítorí èyí tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ọ̀kan lọ. Èsì mi ń pa lẹ́tà rẹ̀ rẹ́, lẹ́tà rẹ̀ ń pa èsì mi rẹ́. A dà bí ẹni méjì tó ń sùn sórí ẹní kan náà ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Tó bá ti sọ̀rọ̀ tán, ó máa ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì kan sí ìparí. Èmi kì í kọrin. Ó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà: "Dáddì, ẹ̀yin ò kúkú lè fi orin kan ránṣẹ́ sí èèyàn láyé yìí."

Ní oṣù karùn-ún, bàálù mẹ́rin dé sí pápá náà. Wọ́n ń múra ìran kan tí wọ́n fẹ́ ṣe níwájú àwọn ọ̀gá wọn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń gbéra. Àwọn mẹkáníìkì tó ń tọ́jú wọn ti dàgbà díẹ̀. Wọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ lókè òkun nígbà èwe wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti kó orin rọ́ọ̀kì bọ̀. Tí bàálù bá ti gbéra, wọ́n á gbé sípíkà kan lé orí dúrọ́ọ̀mù epo lẹ́nu ilé ńlá tí wọ́n ń kó bàálù sí, wọ́n á sì ṣí ohùn rẹ̀ dé òpin.

N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú orin náà. Ó dà bí ẹni pé àwọn tó ń kọ ọ́ ń bínú sí ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ràn. Ibì kan wà tí gìtá máa ń gòkè, tí á máa gòkè, tí èèyàn á rò pé okùn rẹ̀ fẹ́ já. Bàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa bá a gòkè lóòró, bí ẹni pé okùn kan náà ló ń fà wọ́n. Lókè pátápátá, wọ́n á dúró bí ìṣẹ́jú àáyá kan. Gìtá á dákẹ́. Wọ́n á wá ṣubú, ìlù á sì ṣubú pẹ̀lú wọn. Nígbà mìíràn, méjì á ti ọwọ́ ọ̀tún wá, méjì á ti ọwọ́ òsì wá, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá níwájú wa, àlàfo tó wà láàárín wọn lójú mi kò ju fífẹ̀ yàrá kan lọ. Ọkàn mi á fò sókè. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ibì kan nínú mi ń fẹ́ kí wọ́n kan ara wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹkáníìkì náà jẹ́ ará Ọ̀yọ́, òun ló ń yá mi ní ẹ̀rọ. Ó rí mi níjọ́ kan tí mo gbé búrọ́ọ̀ṣì dání tí mo gbójú sókè.

"Ọ̀gá Èkó, ẹ ti kun ẹsẹ̀ yín méjèèjì tán. Ó ku bàtà."

Mo wo ilẹ̀. Òótọ́ ni.

Kásẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Mo jókòó sí ẹ̀yìn ilé ńlá náà, mo gbọ́ ọ dé ìdajì. Ó ní òrùlé ń jò. Ó ní ọmọ ṣe dáadáa nílé ìwé. Ó ní ìyàwó onílé ti bí ìbejì. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́ náà ti yọ sí mi.

"Ọ̀gá Èkó, ṣebí ẹ ní ẹ fẹ́ gbohùn bàálù sílẹ̀ fún ìyàwó yín? Òní nìkan ló kù. Ọ̀la ni wọ́n ń kó wọn lọ."

Ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Wọ́n ti ṣí sípíkà. Mo wo kásẹ́ẹ̀tì náà. Mo mọ̀ pé mo fẹ́ pa ìdajì tí n kò tíì gbọ́ rẹ́. Mo rò pé ó máa dà bí ti àtẹ̀yìnwá, ẹ máa jẹun dáadáa, ẹ máa wọ aṣọ òtútù, orin ṣọ́ọ̀ṣì. Mo tẹ bọ́tìnnì méjèèjì pọ̀.

Ará Ọ̀yọ́ náà kọ́ mi ní ohun kan. Ó ní ariwo bàálù le débi pé ó máa ń ta sí téèpù tó wà níwájú. Tí bàálù bá jìnnà tí mo bá dá ẹ̀rọ dúró, kí n yí téèpù síwájú díẹ̀ kí n tó tún bẹ̀rẹ̀, kí n lè bọ́ sí ibi tó mọ́. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, mo yí téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, mo sọ èsì mi lé orí ọ̀rọ̀ òrùlé àti ìbejì. Mo ní kó gbọ́ ohun tó wà níwájú, pé ó dára. Mo fi kásẹ́ẹ̀tì náà rán awakọ̀ tòmátì, ìyàwó mi kò sì dá a padà mọ́.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo délé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ń ká aṣọ nínú yàrá. Kò gbójú sókè.

"Dáddì, ṣé ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tó wà ní ìparí?"

"Mo gbọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó wá wò mí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ohùn mi sí àárín bàálù yẹn. Ẹ ṣeun."

N kò mọ ohun tó torí rẹ̀ dúpẹ́. Kí n tó lè béèrè, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ pé irọ́ ni mo pa. N kò béèrè. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, irọ́ náà le, kò ṣeé fọ́ mọ́.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà ni àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ọmú rẹ̀ òsì ni. Nígbà tí a dé ọsibítù, ó ti wọ egungun. Dókítà bi í pé ìgbà wo ló kọ́kọ́ rí kókó náà. Kò dá dókítà lóhùn. Èmi ló wò. Kò wò mí bí ẹni tó ń bínú, ó wò mí bí ẹni tí a jọ mọ nǹkan. Ojú yẹn ló tẹ̀ lé mi láti ọsibítù dé itẹ́ òkú, títí di orí àkàbà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wa bi mí léèrè: "Dáddì, ṣé Mọ́mì ò sọ fún yín ni?" Mo ní kò sọ fún mi.

Ọjọ́ tí bàálù kọjá ní Kẹ́tu yẹn, mo sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì, mo sọ fún ìyá onílé pé n óò padà wá lọ́la. Nínú àpótí aṣọ rẹ̀ nílé, mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó ṣì wà nínú ègé àpò tó rán, ó ṣì ń rùn àlùbọ́sà díẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ fún mi. Bó bá jẹ́ pé àìsàn náà ni, mo fẹ́ mọ ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi, àti ohun tí mo fi dá a lóhùn.

Ọkùnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìkòsì tó ń kó fídíò ìgbéyàwó sórí sídì. Ó gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó yí i wò.

"Dáddì, èyí ti dàgbà jù yín lọ. Orin ni àbí ìwàásù?"

"Lẹ́tà ni."

Ó fi bírò yí téèpù náà le, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó kì í bọ ẹ̀rọ, ó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ohùn tèmi ló kọ́kọ́ jáde. Ohùn ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó ń yangàn díẹ̀. Ìyẹn nìkan ti tó láti lé èèyàn jáde. Mo jókòó. Lẹ́yìn náà ni bàálù dé, pẹ̀lú gìtá. Gíláàsì tábìlì ọkùnrin náà ń gbọ̀n. Ó ti lé ní ọdún mẹ́sàn-án, nínú sípíkà kékeré méjì, síbẹ̀ irun ọwọ́ mi dìde. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀run.

"Ṣé wọ́n tún ti padà dé ni?"

"Inú kásẹ́ẹ̀tì ni, Áńtì," ni ọkùnrin náà dá a lóhùn.

Gìtá ń gòkè. Ó ń gòkè. Ó já lójijì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ìyàwó mi sì wà níbẹ̀, láàárín gbólóhùn, bí ẹni pé ó ti ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ariwo náà láti ọdún yìí wá, tó wá kàn gbé orí sókè:

"—ọmú òsì. Kò dùn mí o. Dókítà ní kí wọ́n gé e kúrò kíákíá, mo ní—"

Bàálù bò ó. Ọwọ́ ọkùnrin náà wà lórí kọ̀ǹpútà, kò gbé e. Mo ń wo rìbìtì kékeré inú kásẹ́ẹ̀tì náà tó ń yí. Òun ló ń yí ohùn ìyàwó mi jáde.

"—wọ́n gé ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣáà rí i, oṣù méjì péré ló lò kó tó kú. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n gé mi. Mo ti gbàdúrà sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọkọ mi—"

Ìlù ṣubú. Mo mọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn bàálù ti máa ń jábọ́ láti òkè.

"—tẹ́ ẹ bá ní kí n lọ gé e, ẹ sọ̀rọ̀, màá lọ. Mi ò ní jiyàn. Tẹ́ ẹ bá fara mọ́ tèmi, ẹ má wulẹ̀ sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í kọrin, ẹ ṣáà fi orin kan ránṣẹ́ sí mi. Orin yòówù. Màá mọ̀."

Lẹ́yìn náà, bàálù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì láti ọ̀tún, méjì láti òsì, àti orin náà, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Ọkùnrin náà dá a dúró nígbà tó parí. Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

"Dáddì, mo lè yọ ariwo yẹn kúrò. Màá fi ohùn Mọ́mì nìkan sílẹ̀."

"Má yọ ọ́."

"Ó ń bo ohùn wọn ni."

"Èsì mi ni," mo ní.

Ó ṣe sídì kan fún mi bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Mo tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo parí ògiri Ìkòsì. Mo rò pé n óò ju sídì náà sí ọ̀sà, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń bínú sí ìyá rẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú, pé ó fi àìsàn pa mọ́ fún wa. Kì í lọ sí ibojì rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti gbà á láyè kó máa bínú sí ẹni tí kò lẹ́ṣẹ̀. Ní ọ̀sán Àìkú, mo mú sídì náà lọ sí ilé rẹ̀ ní Gbàgádà.

Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mọ orin yìí. Mọ́mì máa ń gbọ́ ọ tẹ́ ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á ní kí n jáde síta. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn."

N kò mọ èyí. Mo wo ilẹ̀.

Ó gbọ́ ègé àkọ́kọ́. Ó gbọ́ ìkejì. Nígbà tí ìkẹta parí, ó pa ẹ̀rọ náà.

"Wọ́n sọ fún yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì fi orin dá wọn lóhùn."

"Mi ò gbọ́ ọ tán kí n tó pa á rẹ́. Mi ò mọ̀ pé orin ló béèrè."

"Wọ́n ò bi yín nígbà tẹ́ ẹ délé?"

"Ó bi mí. Mo ní mo gbọ́."

Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́ tí omi ń ṣàn, ó pẹ́. Nígbà tó padà, kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀rọ.

"Ká ní ẹ gbọ́, kí lẹ bá sọ?"

"Ǹ bá ní kó lọ gé e."

"Ẹ sọ ọ́."

"Fún ta ni?"

"Dáddì, ẹ ṣáà sọ ọ́."

Ó tẹ ẹ̀rọ náà kó máa lọ láti ibi tó pa á sí. Bàálù gba inú yàrá kọjá, ó mú fèrèsé gbọ̀n. N kò lè sọ̀rọ̀ lórí ariwo yẹn. Mo dúró títí èyí tó kẹ́yìn fi jìnnà, tí orin náà parí, tí kò sí ohun kan mọ́ lórí sídì náà bí kò ṣe híhó téèpù. Mo wá sọ ọ́, mo pe orúkọ ìyàwó mi mọ́ ọn. Ọmọ mi kò yíjú padà. Àwa méjèèjì jókòó, a ń gbọ́ híhó náà, títí ẹ̀rọ fi dá ara rẹ̀ dúró.